Aṣọ Tí Mo Wọ̀ fún Jẹnẹrétọ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ tó máa ń bá ọ gbé fóònù nígbà tí o bá wà ní ìpàdé. Ọlọ́run á máa lọ níwájú yín, á sì máa bọ̀ lẹ́yìn yín, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé alájà tí ẹ ń gbé, torí mi ò rí irin ìdìmú kankan lára rẹ̀ nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, mo sì ti ń rò ó láti ìgbà náà. Ara mi le díẹ̀. Orúnkún ọ̀tún ń ké, ti òsì sì ti fẹ́ máa bá a gbè é, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúnkún ni mo torí ẹ̀ mú bírò.

Mo mọ̀ pé o ti pè mí tó ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án láti ọjọ́ Ẹtì. Fóònù mi kò sọnù, kò sì bàjẹ́. Mo kàn ń wò ó bó ṣe ń dún ni. Ìyá rẹ ni o wá pè, o bi í pé kí ló dé tí ohùn rẹ̀ rí báyẹn, ó sì ní òun kò ní nǹkan kan láti sọ, pé bàbá rẹ á kọ̀wé sí ọ, torí ẹni tó ṣe é ló yẹ kó ròyìn rẹ̀. Òun ni mo ṣe jókòó. Ọ̀rọ̀ náà kan jẹnẹrétọ̀ tí o rà fún wa, ó kan ẹyin ìyá rẹ, ó sì kan èmi, èmi gan-an ló kàn jù.

O mọ bí ọ̀rọ̀ ẹyin yìí ṣe jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá rẹ ti kó ẹyin sínú àpótí ìsàba, àpótí oníná tó ń ṣe iṣẹ́ abo adìẹ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni iná lọ tí kò tètè dé, tí gbogbo ẹyin tutù, tó sì kó wọn lọ dànù lẹ́yìn ilé láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ló fi búra pé tí kò bá bọ́ sí i, òun á ta àpótí náà, òun á sì jókòó máa wo ojú mi, èyí tí gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ tó lè mú inú ẹnikẹ́ni dùn. Ìdí nìyẹn tí o fi ra ẹ̀rọ tí yóò máa dá ara rẹ̀ tan tí iná bá ti lọ. Ẹyin ọ̀ọ́dúnrún dín méjìlá ló wà nínú àpótí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ti sọ pé òun á gba gbogbo ọmọ adìẹ tó bá jáde.

Oníná tí o rán sí wa láti wá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó ní orúkọ, àmọ́ Má-fọwọ́-kàn-án ni mo ń pè é, torí òun ni ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ jù. Kó tó ṣe ohunkóhun, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan pé kí n kọ gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé sí i, kí òun lè mọ bí agbára tí ilé yìí ń fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Èmi tí mo ka ìwé dé ilé ẹ̀kọ́ girama, tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ sí fọ́ọ̀mù lóríṣiríṣi, mo mọ ohun tí fọ́ọ̀mù ń wá kiri. Fọ́ọ̀mù tó bá ń bi ọ́ ní ohun tí o ní, owó orí ló fẹ́ gbà. Mo kọ gílóòbù mẹ́ta. Mo kọ rédíò kan, mo sì fi kún un pé ó ti gbó, kí wọ́n lè ṣàánú mi. Mi ò kọ firíìjì, mi ò kọ áyọ́ọ̀nù, àpótí ìsàba ni mi ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ rárá. Má-fọwọ́-kàn-án ka ìwé náà, ó wo ẹ̀rọ ńlá tí o rà, ó wo gílóòbù mẹ́ta tí mo kọ, ó wá tẹ́tí, ó ní kí ló ń kùn nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn. Mo ní ìyá rẹ ló sùn tó ń hanrun. Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ ni ìyá rẹ ti gbé garawa omi wọlé, ó sì kí i káàbọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ ló ti ń béèrè gbogbo ohun tó bá fẹ́ mọ̀.

Ibi tí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ náà sí tún di àríyànjiyàn. Èmi fẹ́ kó wà nínú iyàrá wa, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí mo ti lè máa gbójú sí i, torí olè. Oníná ní èéfín rẹ̀ á pa wá sójú oorun. Mo ní a ó máa ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ó ní kò tiẹ̀ gbọdọ̀ sí nítòsí fèrèsé ni. Mo bi í pé ṣé kí n wá gbé e lọ sílé aládùúgbò ni, ó sì dá mi lóhùn pé tí wọ́n bá gbà, kò burú. Ẹ̀yìn ilé ló gbé e sí nígbẹ̀yìn, ó kọ́kọ́ da kọnkéré sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ tẹ́ ibùsùn fún un, ọkùnrin mẹ́rin ló sì gbé e lé e lórí. Mo ra ṣéènì, mo fi so ẹ̀rọ náà mọ́ ìdí igi. Ó bi mí pé ta ló fẹ́ dá gbé ohun tí ọkùnrin mẹ́rin ń mí gúlegúle kí wọ́n tó gbé. Mo ní olè lè pé márùn-ún.

Ó kan àpótí kékeré kan mọ́ ògiri. Ó ní àpótí yìí ló ń ṣọ́ iná. Tí iná bá lọ, á dúró díẹ̀, á jí jẹnẹrétọ̀, á gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, tí iná bá sì dé, á ní kó lọ sùn. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ó ní ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ máa rí afẹ́fẹ́ mí, kí nǹkan kan má sún mọ́ ọn ní ìwọ̀n apá méjì lọ́tùn-ún àti lósì, kí ohunkóhun má sì sí lórí rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, ọmọ mi. Ó wà níwájú mi níbí, ìkọ̀wé ọwọ́ mi ni, mo sì fa ìlà méjì sí i nídìí. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ó tún fi nọ́ńbà mi sínú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ lè máa ránṣẹ́ sí fóònù mi. Láràárọ̀, ọ̀rọ̀ kan á wọlé pé, Ẹ̀rọ wà ní ìmúrasílẹ̀, kò sí ìyọnu. Mo rò ó dáadáa, mo sì rí i pé irin kò lè mọ ìwé kọ, pé ẹnì kan ló jókòó sí ọ́fíìsì níbì kan tó ń bá wa ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù torí tìrẹ, ó yẹ kí o kí i. Mo máa ń dá a lóhùn pé, A dúpẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ṣé àwọn ará ilé wà dáadáa. Kò bi mí léèrè tèmi rí. Ó dùn mí lọ́jọ́ kẹta, àmọ́ mo ní bóyá ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti wá gbà lọ́kàn mi pé ọjọ́ tí iná bá lọ, ẹni yìí á kọ́kọ́ bi mí bóyá kí wọ́n tan ẹ̀rọ, èmi á sì fún un láṣẹ. Ṣé o rí ibi tí orí mi wà. Iná ò sì lọ fún odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n gbé e dé, bíi pé wọ́n mọ̀ pé a ti ra nǹkan, nítorí náà mi ò tíì rí i kó dá ara rẹ̀ tan.

Lọ́jọ́rú ni òjò rọ̀. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wo bí omi ṣe ń ta sára ohun tuntun, ọkàn mi kò gbà á. Ìwọ náà mọ̀ mí. Àga tí mo rà kí a tó bí ọ, ọ̀rá ara rẹ̀ ni o jókòó lé títí o fi lọ ilé ọkọ, ọ̀rá yẹn náà ni o yọ̀ lórí rẹ̀ tí eyín rẹ fi ká, tí ìyá rẹ ní kí n bọ́ ọ̀rá náà, tí mo ní eyín á hù òmíràn, àga ò lè hù òmíràn. Rìmóòtù ń bẹ nínú ọ̀rá títí di òní, bótilẹ̀ jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ ti kú láti ọdún méje. Bí òjò ṣe dá, mo jáde, mo mú ọ̀rá tí wọ́n fi wé ẹ̀rọ náà dé, èyí tí mo ti ká sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wọ̀ ọ́ fún un. Mo rí i pé ọ̀rá nìkan kò ní bo ìhà ìsàlẹ̀, mo tún mú búláńkẹ́ẹ̀tì kan lé e, mo fi okùn dì í lójú mẹ́rin. Mo ní apá méjì tí oníná wí, ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ní báyìí tó ń sinmi, kí ló burú tó bá wọ aṣọ. Tí wọ́n bá ti bi mí lórí fóònù, mo máa sáré lọ bọ́ ọ. Mo tiẹ̀ sáré dánrawò lẹ́ẹ̀mejì láti pálọ̀, orúnkún mi sì lè jẹ́rìí sí i.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ lọ ra oúnjẹ tí àwọn ọmọ adìẹ máa jẹ tí wọ́n bá jáde. Èmi náà kọjá sọ́dọ̀ télọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, kó bá mi lẹ ìdí ṣòkòtò mi. Ṣòkòtò tí mo wọ̀ náà ni, nítorí náà mo jókòó sí ẹ̀yìn kọ́tìnnì rẹ̀, mo ró aṣọ kan mọ́ ìdí, fóònù mi sì wà nínú àpò ṣòkòtò lórí tábìlì rẹ̀. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni télọ̀ yìí ń lò, áyọ́ọ̀nù eléèédú ló sì fi ń lọ aṣọ, iná lè lọ fún oṣù kan kó má mọ̀. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, télọ̀ ní kí òun kọ́kọ́ parí ojú rírán tó wà níwájú òun. Ó tún dún, ó wá na fóònù náà sí mi. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè ni mo kà, ó ní, Ooru ti pọ̀ jù, mo ti dá iṣẹ́ dúró.

Ọmọ mi, àánú ẹni náà ṣe mí. Mo ka ọ̀rọ̀ náà sí télọ̀ létí, mo ní wo ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ wa, ooru ti mú un débi pé ó fẹ́ máa lọ sílé. Télọ̀ ní kò jẹ̀bi, pé ooru ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Mo dá a lóhùn pé, Níbí náà kò yàtọ̀, ẹ lọ sinmi, ẹ mu omi tútù, Ọlọ́run á jẹ́ kí òjò tún rọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ bí mo ṣe fi ránṣẹ́, torí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ nǹkan nípa ara rẹ̀ fún mi. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ èyí tí mo kà ló ń sọ pé iná ti lọ, ẹ̀rọ sì ti ń ṣiṣẹ́.

Ó ti ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, nínú aṣọ tí mo wọ̀ fún un. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ọ̀rá yọ́ mọ́ ibi tó ń ti tú èéfín, afẹ́fẹ́ tán, ara rẹ̀ gbóná, ó sì pa ara rẹ̀ kó má bàa jóná.

Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ dé. Kò pariwo. Ó kàn pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan láti ẹnu ọ̀nà, orúkọ tí bàbá mi sọ mí gan-an, èyí tí kò pè láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo sáré sọdá títì láìní ṣòkòtò, pẹ̀lú aṣọ oníbàárà télọ̀ nídìí, télọ̀ ń sáré tẹ̀ lé mi torí aṣọ náà. Yàrá ẹ̀yìn dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá rẹ ti ń gbé omi kaná, ó ní kí a máa rọ ọ́ sínú gbogbo ìgò tó bá wà nílé, kí a máa fi aṣọ wé e, kí a máa tò ó yí ẹyin ká. Télọ̀ gbàgbé aṣọ oníbàárà rẹ̀, ó ń rọmi. Ìyá rẹ ní kí n wá ohun tó nípọn tí a lè fi bo àpótí. Mo sáré jáde, mo tú okùn, mo mú búláńkẹ́ẹ̀tì wọlé, mo sì tẹ́ ẹ lé e, inú mi ń dùn pé mo tètè rí i.

Ó wò ó. Ihò jíjó mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, ó sì ń rùn bí ọ̀rá tó jóná. Ó ní búláńkẹ́ẹ̀tì òun nìyí. Ó ní níbo ni mo ti rí i. Ọmọ mi, mo fẹ́ purọ́, mo la ẹnu, mi ò rí irọ́ kankan níbẹ̀. Mo ní ara jẹnẹrétọ̀. Ó yọ ìgò tó ti tutù, ó fi gbígbóná dípò rẹ̀, ó ní kí télọ̀ bá òun sọ fún bàbá yẹn pé kó lọ gbé omi mìíràn kaná. Mo wà níwájú rẹ̀, apá rẹ̀ lè kàn mí. Télọ̀ yíjú sí mi, ó ní, Bàbá, wọ́n ní kí ẹ lọ gbé omi kaná. Láti ọjọ́ náà, ẹnu télọ̀ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Tí télọ̀ bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo di odi nínú ilé mi.

Nǹkan bí aago márùn-ún ni iná tó dé. Má-fọwọ́-kàn-án dé ní ọjọ́ kejì. Ó yí ẹ̀rọ náà ká, ó wo ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ irin, ó jókòó sórí kọnkéré. Ó ní òun ti rí àwọn tí kò ra epo, òun ti rí ibi tí eku ti jẹ wáyà, àmọ́ láti ogún ọdún tí òun ti ń ṣe é, òun kò tíì bá èyí tó wọ ẹ̀wù pàdé. Ó bi mí ta ni mò ń dá lóhùn lórí fóònù. Mo ní ẹni tó wà ní ọ́fíìsì. Ó ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, pé ẹ̀rọ náà ló ń kọ ọ́. Mo rántí gbogbo bí mo ṣe ń kí àwọn ará ilé rẹ̀. Ó há gbogbo ọ̀rá náà kúrò, ó pààrọ̀ ohun tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, ó tàn án, ó sì ṣiṣẹ́. Ó kan pátákó kan mọ́ ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bò ó, ó sì kọ lẹ́tà kékeré sí ìsàlẹ̀ pé, Bàbá, ẹ̀yin ni.

Ìyá rẹ yọ ẹyin díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà torí wọn kò ní kí n wọlé. Ó sọ fún télọ̀ pé àwọn kan ń mira, àwọn kan ò mira, pé ọjọ́ kọkànlélógún ni yóò sọ. Òní ni ọjọ́ kọkànlélógún. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, mò ń tẹ́tí. Ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sí èyí tó ró. Mo fi ìwé yìí sílẹ̀ níbí ná, mi ò lè kọ ọ́ mọ́.

Ọjọ́rú nìyí, mo tún ti mú un. Máa fojú fo àwọn ibi tí bírò ti yọ̀, wàá mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Láàárọ̀ yìí mo ń fọ ẹnu nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan, tín-ín-rín bí ohùn ilẹ̀kùn tí kò lépo. Mo ní orúnkún mi ni. Ó tún dún. Mo fi ọṣẹ sílẹ̀ lẹ́nu, mo lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ ti kúnlẹ̀ síwájú àpótí, ó ń ka èémí. Ọ̀kan ti fọ́, òmíràn ti dá ihò, nígbà tí oòrùn fi máa ga, gbogbo inú àpótí ń rọ́ wìrìwìrì, wọ́n tutù, wọ́n burẹ́wà, wọ́n ń ṣubú lura wọn. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi pẹ́. Igba ó lé mọ́kànlá ló jáde láàyè. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin kò jáde. Mi ò mọ iye tí kì bá jáde nínú wọn bí mi ò tilẹ̀ wọṣọ fún nǹkan kan, mo sì bi oníná lórí fóònù, ó ní adìẹ kọ́ ni iṣẹ́ òun. Mo ń kó wọn sọ́kàn. Ìyá rẹ kó wọn sínú garawa fúnra rẹ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣe é bí ẹni tí gbogbo nǹkan ti tán fún.

Èyí tó jáde gbẹ̀yìn kò lágbára. Àwọn yòókù ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò lè gbé orí. Ìyá rẹ mú un jáde, ó wo yíká, mo sì wò yíká náà, mò ń wá télọ̀ tí yóò jíṣẹ́ fún mi. Télọ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ní, Bàbá, ẹ na ọwọ́. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo na ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé e sí i, ó ká ìka mi lé e lórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n má fún un, kí n má sì gbé e sílẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Mo bi í pé báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tó bá sùn àti tó bá kú. Ó ní tó bá sùn, màá mọ̀.

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ìwé yìí nìyẹn, kí o má rò pé mo ti ya ọ̀lẹ.

Owó díẹ̀ ni mo fẹ́ tọrọ, bí ọwọ́ rẹ bá gbà á. A nílò wáyà tí a fi máa ṣe ilé fún wọn, àti gílóòbù tí yóò máa mú wọn móoru títí ọ̀gá ilé ìwé fi máa wá kó wọn. Lẹ́yìn náà, ra búláńkẹ́ẹ̀tì kan fún ìyá rẹ, èyí tó dára. Má fi owó náà ránṣẹ́ sí èmi. Ìyá rẹ ni kí o fi í ránṣẹ́ sí, òun kì í da ọkàn rẹ̀ láàmú débi tí yóò fi ba nǹkan jẹ́.

Ọlọ́run tó mú igba ó lé mọ́kànlá la ìwà òmùgọ̀ mi já, òun náà ni yóò máa mú ọ la ti àwọn ẹlòmíràn já. Iṣẹ́ rẹ kò ní tutù mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ rẹ kò ní fara pa torí ohun tí ìwọ ń tọ́jú. Wàá dàgbà, wàá sì rí ẹni tí yóò na ọwọ́ rẹ̀ fún ọ.

Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Ó bi mí bóyá ọwọ́ mi ti ń ro mí. Mo ní rárá. Ó ti ń ro mí láti nǹkan bíi wákàtí kan sẹ́yìn, ọmọ adìẹ náà sì ti gbẹ tipẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.